Ohun tí fọ́lúùmù ń ṣe gan-an nínú ańpilifáyà: ẹ fi breadboard dán an wò

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ọjọ́ tí etí kì í gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn tó ń polówó àgbo ní oríta Tákíè ń lò ó, ilé ìjọsìn ń lò ó, àwọn tó ń ṣe ìnáwó ń lò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH sì ń lò ó nínú yàrá wọn ní Under G. Níbi gbogbo ni ẹ ó ti rí ẹni tó na ọwọ́ sí fọ́lúùmù, tó yí i títí tó fi kan ìparí, tí ohùn há, tí onítọ̀hún sì sọ pé sípíkà ló ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe sípíkà. A gbà pé fọ́lúùmù ló ń fún ohùn lágbára, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Fọ́lúùmù kì í fún ohùn lágbára rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín ohùn tó ń wọlé kù. Tí a bá yí i dé òpin, ohun tí a ṣe kò ju pé a ò dín nǹkan kan kù mọ́.

Àlàyé yìí wà fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná rí. Mo fẹ́ ká jọ to ańpilifáyà kékeré kan tí a lè yí ohùn rẹ̀ sókè sódò, ká sì máa rí ìdí ohun kọ̀ọ̀kan bí a ti ń tò ó. Bátìrì fólìtì 9 ni a máa lò. Kò sí iná NEPA níbẹ̀, nítorí náà iná kò ní gbé ẹnikẹ́ni, ọmọ girama lè ṣe é lórí tábìlì tó fi ń kàwé. Kò sí jíjó léèdì pẹ̀lú. Ohun tí ẹ bá tò tí kò bá bọ́ sí i, ẹ ó fà á yọ ni, ẹ ó tún un tò.

Ibi tí agbára ti ń wá

Nígbà tí orin bá ń jáde láti ihò íàpíìsì lára fóònù, iná kékeré kan ló ń bọ̀ nínú wáyà, tó ń lọ síwájú tó ń padà sẹ́yìn bí orin náà bá ṣe ń lọ. N ó máa pè é ní iná ohùn. Tó bá jẹ́ ìró tó rinlẹ̀, ó lè lọ kó bọ̀ ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni. Etí ọmọdé tó mú dáadáa ń gbọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000.

Iná ohùn yìí tó láti mi íàpíìsì tó wà nínú etí, àmọ́ kò tó láti mi páálí sípíkà. Bátìrì ní agbára tó tó, ṣùgbọ́n iná tirẹ̀ dúró sójú kan, kò sí ìró kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ańpilifáyà ni láti jẹ́ kí iná ohùn máa darí iná bátìrì. Ẹ ti rí ọmọ Fúlàní kékeré tó fi ọ̀pá kan ṣoṣo da màlúù ńlá gba ẹ̀bá ọ̀nà Ìlọrin. Agbára màlúù ni màlúù fi ń rìn. Ọmọ náà kàn ń sọ ibi tí yóò gbà fún un ni. Bátìrì ni màlúù, iná ohùn ni ọmọ. Bí màlúù bá sì ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán, kò sí bí ọmọ náà ṣe lè kígbe tó tí yóò fi sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ di gbólóhùn yìí mú, a ó tún bá a pàdé níwájú.

Kí tìráńsísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń fi iná kan darí òmíràn, tó jáde ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1947, gílóòbù onígíláàsì ló ń ṣe iṣẹ́ ìdarí yìí. Ìdí nìyẹn tí rédíò ayé àwọn bàbá wa fi máa ń kọ́kọ́ gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Lónìí, wọ́n ti kó tìráńsísítọ̀ bíi mélòó kan sínú ohun dúdú kan tí kò tó èékánná àtàńpàkò, òun là ń pè ní áísì. Èyí tí a máa lò ni LM386. National Semiconductor ló kọ́kọ́ ṣe é. Texas Instruments ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2011. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò, wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú fólìtì 4 títí dé 12, kò béèrè ẹ̀yà púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí kò bá sì sí orin, nǹkan bíi mílíáńpì 4 péré ló ń fà lára bátìrì.

Àwọn ihò inú breadboard

Breadboard ni pátákó oníke tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé ojú kò rí irin tó so àwọn ihò náà pọ̀ lábẹ́. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó gùn lọ síwájú yín. Ihò márùn-ún tó tò láti òsì sí ọ̀tún lórí ìlà kan, irin kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ wọn. Ohunkóhun tí ẹ bá ki bọ inú méjì nínú wọn ti kan ara wọn. Ìlà tó tẹ̀lé e dá dúró, kò mọ ti ìlà àkọ́kọ́. Kòtò kan la pátákó náà já láàárín, kò sì jẹ́ kí ihò márùn-ún apá òsì kan ihò márùn-ún apá ọ̀tún. Orí kòtò yìí ni áísì gbọ́dọ̀ gùn, kí ẹsẹ̀ mẹ́rin wà lápá kan, kí mẹ́rin wà lápá kejì. Bí ẹ bá tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ti so àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn nìyẹn.

Ní etí pátákó, àwọn ihò kan tò lọ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà pupa àti ìlà búlúù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ là ń gbé iná bátìrì sí: pósítíìfù sí pupa, nẹ́gétíìfù sí búlúù. Ẹ ṣọ́ra fún pátákó tó gùn. Lórí àwọn kan, irin yìí gé láàárín, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tí wọ́n kùn sí i náà máa ń gé níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kíyè sí i á ní iná lókè, kò ní ní iná nísàlẹ̀, á sì máa bú áísì tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Wáyà kékeré kan tó so apá méjèèjì pọ̀ ti tó.

Wáyà tó dára fún iṣẹ́ yìí ni èyí tó jẹ́ irin kan ṣoṣo nínú, tó le díẹ̀. Wáyà onírun wẹ́wẹ́ máa ń ká nínú ihò. Bí ẹ bá rí kébù íntánẹ́ẹ̀tì àlòkù tí irin inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹ tú u. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, wọ́n sì bá ihò náà mu gẹ́lẹ́.

Títò rẹ̀

Ẹ ó nílò LM386 kan, fọ́lúùmù 10K kan (ọ́ọ̀mù la fi ń wọn bí ohun kan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, K sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún, nítorí náà 10K jẹ́ ọ́ọ̀mù 10,000), sípíkà kékeré ọ́ọ̀mù 8, àti bátìrì pẹ̀lú orí rẹ̀. Nínú kàpásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú (µF ni òṣùwọ̀n rẹ̀), ẹ wá 220µF kan, 100µF kan, 10µF méjì, àti àwọn pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kọ 104 àti 473 sí lára, ìyẹn 0.1µF àti 0.047µF. Nínú rẹ̀sísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń dín iná tó ń ṣàn kù, ọ́ọ̀mù 10 kan (àwọ̀ búráùn, dúdú, dúdú) àti 1K méjì (búráùn, dúdú, pupa). Kàpásítọ̀ tó rí gọbọi ní apá pósítíìfù àti apá nẹ́gétíìfù. Wọ́n máa ń fa ìlà tó ní àmì ìyọkúrò sí apá nẹ́gétíìfù lára rẹ̀. Ẹ má ṣe yí i sódì.

Ẹ wo orí áísì, ẹ ó rí ibi tí wọ́n gé díẹ̀ ní ìparí kan. Ẹ kọ ibẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ tó wà lókè pátápátá lápá òsì ni ẹsẹ̀ 1. Ẹ ka 2, 3, 4 lọ sísàlẹ̀, ẹ sọdá kòtò sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀ 5, kí ẹ wá máa gòkè: 6, 7, 8. Ẹsẹ̀ 8 á kọjú sí ẹsẹ̀ 1.

Iná ni ká kọ́kọ́ ṣètò. Ẹsẹ̀ 6 lọ sí pósítíìfù, ẹsẹ̀ 4 lọ sí nẹ́gétíìfù. Ẹsẹ̀ 2 náà lọ sí nẹ́gétíìfù. Ẹ fi kàpásítọ̀ 100µF àti 104 sí àárín pósítíìfù àti nẹ́gétíìfù, kí wọ́n sún mọ́ ẹsẹ̀ 6 bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo méjèèjì yìí torí pé orin á ṣì dún láìsí wọn. N ó sọ ìdí tí kò fi yẹ kí a fò wọ́n. Ẹ fi 10µF kan sí àárín ẹsẹ̀ 7 àti nẹ́gétíìfù, kí apá pósítíìfù rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ 7. Ẹ fi ẹsẹ̀ 1 àti 8 sílẹ̀ lófo ná.

Ẹ má tíì so sípíkà. Ẹ so bátìrì, kí ẹ fi mítà tó ń ka fólìtì wọn iná tó wà láàárín ẹsẹ̀ 5 àti nẹ́gétíìfù. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí ìdajì iná bátìrì: bí bátìrì bá ń mú fólìtì 9 wá, ẹ ó rí nǹkan bí 4.5. Áísì náà mọ̀ọ́mọ̀ dúró ní àárín ni, kí àyè lè wà fún un láti lọ sókè àti láti lọ sísàlẹ̀ bí orin bá dé. Bí ẹ bá rí 0 tàbí 9, ohun kan ti yà kúrò lọ́nà. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó wá a kiri. Ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí ń dá ènìyàn nídè kúrò lọ́wọ́ wákàtí méjì tí ì bá fi máa fa wáyà yọ káàkiri.

Fólìtì 4.5 tó dúró sójú kan yìí kò gbọ́dọ̀ dé ara sípíkà. Bí ẹ bá so sípíkà ọ́ọ̀mù 8 mọ́ ẹsẹ̀ 5 tààrà, iná tó ju ìdajì áńpì lọ á máa ṣàn nínú okùn bàbà rẹ̀ láìdúró, á ti páálí rẹ̀ sí apá kan, á sì máa gbóná. Ìdí nìyẹn tí kàpásítọ̀ 220µF fi wà láàárín: pósítíìfù rẹ̀ sí ẹsẹ̀ 5, nẹ́gétíìfù rẹ̀ sí sípíkà, ẹsẹ̀ kejì sípíkà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kàpásítọ̀ ń dá iná tó dúró sójú kan dúró, ó ń jẹ́ kí èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ kọjá. Àmọ́ ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í kọjá tán. Pẹ̀lú sípíkà ọ́ọ̀mù 8, 220µF bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìró tó bá wà nísàlẹ̀ ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kù. Bí ẹ bá fi 470µF sí i, ó di nǹkan bí 42. Bí ẹ bá fi 1000µF sí i, ó di nǹkan bí 20. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlù rinlẹ̀ dáadáa, ibí ni kó wò.

Láti ẹsẹ̀ 5 yìí kan náà, ẹ so rẹ̀sísítọ̀ ọ́ọ̀mù 10 àti 473 tẹ̀lé ara wọn lọ sí nẹ́gétíìfù. Wọn kò kan orin. Àwọn ló ń mú kí áísì náà fara balẹ̀.

Fọ́lúùmù àti géènì

Fọ́lúùmù ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nínú rẹ̀, ọ̀nà dúdú kan tẹ̀ kọrọdọ láti ẹsẹ̀ ìparí kan dé ẹsẹ̀ ìparí kejì. Ẹsẹ̀ àárín ló ń rìn lórí ọ̀nà yẹn bí a ti ń yí i. A ó so iná ohùn láti fóònù mọ́ ẹsẹ̀ ìparí kan, a ó so ìparí kejì mọ́ nẹ́gétíìfù, ẹsẹ̀ àárín á lọ sí ẹsẹ̀ 3 áísì. Bí ẹsẹ̀ àárín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́gétíìfù, kò rí nǹkan kan gbé lọ. Bí ó bá dé ìdajì ọ̀nà, ìdajì iná ohùn ló gbé lọ. Bí ó bá dé òpin, gbogbo rẹ̀ ló gbé lọ. Kò sí ibì kankan lójú ọ̀nà yẹn tí ó ti lè gbé ju iye tó wọlé lọ.

Bí ohùn bá ń lọlẹ̀ nígbà tí ẹ rò pé ẹ ń gbé e sókè, ẹ gba ipò ẹsẹ̀ ìparí méjèèjì fún ara wọn. Bí ẹ bá yí i sílẹ̀ pátápátá tí ohùn kò sì dákẹ́, ẹsẹ̀ tó yẹ kó kan nẹ́gétíìfù ni kò kàn án.

Nípa fóònù: ohùn apá òsì àti ti apá ọ̀tún ló ń jáde láti ihò íàpíìsì, wáyà méjì sì ni. Ẹ má so wọ́n pọ̀ tààrà, torí pé bí ọ̀kan bá ń lọ sókè tí èkejì ń lọ sódò, wọ́n á máa ti ara wọn nínú fóònù. Ẹ fi 1K sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó pàdé ní ẹsẹ̀ fọ́lúùmù. Wáyà kẹta, tó jẹ́ ti ilẹ̀, lọ sí nẹ́gétíìfù.

Bí ẹ bá ń ra fọ́lúùmù, ẹ wo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. B10K ni èyí tí ọ̀nà inú rẹ̀ rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìdajì yíyí, ìdajì iná. A10K kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìdajì yíyí, ó sábà máa ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 péré kọjá, kó tó wá yára gòkè ní ìdajì tó kù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé A ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n etí wa kì í ka ohùn bí òṣùwọ̀n ṣe ń ka gàrí. Kí ohùn tó lè dún bí ìlọ́po méjì létí wa, agbára tó ń wọ sípíkà ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Tí a bá lo B, gbogbo ìyàtọ̀ tí etí lè gbọ́ á kó sí ìbẹ̀rẹ̀ yíyí, ìyókù á sì dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Tí a bá lo A, ohùn á máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka. Fún orin, ẹ ra A. Bí B nìkan lẹ bá rí, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Géènì ni iye ìlọ́po tí áísì fi ń sọ iná ohùn di ńlá. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ 1 àti 8 lófo, LM386 ń sọ ọ́ di ìlọ́po 20. Bí ẹ bá fi kàpásítọ̀ 10µF kejì sí àárín wọn, kí pósítíìfù rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ 1, ó di ìlọ́po 200. Bí ẹ bá fi rẹ̀sísítọ̀ tí a lè yí, irú 5K, tẹ̀lé kàpásítọ̀ yẹn, ẹ lè mú un láti 200 wálẹ̀ dé nǹkan bí 25. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a lè yí ti di méjì lórí pátákó kan náà, wọn kò sì ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ atúnrédíòṣe bi mí nípa èyí, ìbéèrè rẹ̀ sì dára gan-an: "Bọ̀dá, tó bá jẹ́ 200 ni géènì, ṣebí ohùn á jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti 20?"

"Níbo ló ti fẹ́ rí ìlọ́po mẹ́wàá yẹn?" ni mo bi í padà. "Bátìrì yẹn náà ni."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bátìrì jẹ́ fólìtì 9, ẹsẹ̀ 5 jókòó sí 4.5. Lójú ìwé, ó yẹ kó lè lọ sókè pẹ̀lú 4.5, kó lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú 4.5, àmọ́ áísì fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ sọ pé oríṣi LM386 tí wọ́n ń pè ní N-3, lórí fólìtì 9 àti sípíkà ọ́ọ̀mù 8, ń mú nǹkan bíi wáàtì 0.7 jáde, ohùn sì ti há díẹ̀ nígbà yẹn. Wáàtì 0.7 yìí túmọ̀ sí pé iná náà ń lọ nǹkan bíi fólìtì 3.3 sókè àti 3.3 sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára màlúù parí sí.

Ẹ wá pín 3.3 sí ọ̀nà 20: ó jẹ́ fólìtì 0.165, ìyẹn mílífólìtì 165. Iná ohùn tó bá dé ẹsẹ̀ 3 tó ju èyí lọ, áísì kò ní ibi tí yóò gbé e dé. Fóònù tí a gbé ohùn rẹ̀ sókè lè mú mílífólìtì 500 wá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọ́po 20 ti 500 yìí jẹ́ fólìtì 10, a ò sì ní i. Nítorí náà, ní ìlọ́po 20 náà, bí fọ́lúùmù bá ti jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta iná ohùn kọjá, ohun gbogbo ti pé. Gbogbo yíyí tó bá tẹ̀lé e, híhá ló ń fi kún un. Ní ìlọ́po 200, mílífólìtì 16 tàbí 17 péré ti tó láti kan òrùlé, ohùn á sì máa há bí ẹ bá ti fọwọ́ kan fọ́lúùmù báyìí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohùn bá há ni pé ìgbì iná tó yẹ kó ní orí róbótó kan òkè, orí rẹ̀ sì gé pẹrẹsẹ. Bí ó ṣe gé yẹn ń dá àwọn ìró mìíràn sílẹ̀ tí kò sí nínú orin náà, àwọn tó tín-ín-rín, tó ń gún etí. Ó tún ń pa sípíkà lára. Ìgbì tó ti gé pẹrẹsẹ lókè àti nísàlẹ̀ pátápátá ń kó agbára tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìgbì tó yí róbótó, tí gíga wọn sì dọ́gba. Èyí ló fà á tí ańpilifáyà kékeré tí a fipá mú fi ń jó sípíkà tó ju agbára rẹ̀ lọ, pàápàá sípíkà kékeré tó ń gbé ìró tín-ín-rín. Ó dùn mí pé owó ìjọ àti owó ẹgbẹ́ ń lọ sórí sípíkà tuntun lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé kí ẹnì kan dín géènì kù ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́.

Ẹ dán èyí wò lórí pátákó yín, torí òun ló ń fi ìyàtọ̀ fọ́lúùmù àti géènì hàn jù. Ẹ mú géènì dé 200, kí ẹ yí fọ́lúùmù sílẹ̀ títí orin fi dùn létí. Ẹ dá orin dúró: ẹ ó gbọ́ "ṣìììì" kan tí kò dákẹ́. Ẹ wá yọ kàpásítọ̀ àárín ẹsẹ̀ 1 àti 8 kí géènì padà sí 20, ẹ gbé fọ́lúùmù sókè títí orin fi ga bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún dá orin dúró. Ariwo yẹn á ti lọlẹ̀ gan-an. Orin ga bákan náà nígbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ní àkọ́kọ́, a dín iná ohùn kù di ohun tín-ńtín, a wá sọ ọ́ di ńlá padà pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó nídìí míksà ní ilé ìjọsìn ní irú nǹkan méjì yìí níwájú rẹ̀ fún máìkì kọ̀ọ̀kan: géènì lókè, èyí tí a ń tì sókè sódò nísàlẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú èyí tó wà lórí breadboard.

Bí ohùn sípíkà yín bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì há, ẹ má wá agbára kún un. Sípíkà tó wà níhòòhò ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó ń fà á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì sì ń pàdé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń pa ara wọn, àgàgà ìró tó rinlẹ̀. Ẹ lu páálí bàtà kan ní ihò tó bá ẹnu sípíkà mu, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà yín lẹ́nu ju bí ẹ bá sọ wáàtì di méjì lọ.

Bí ó bá ń hó, tó ń súfèé

Breadboard rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀: wáyà tó gùn, àti àwọn irin tó tò súnmọ́ra lábẹ́ rẹ̀, ń jẹ́ kí ohun tó jáde yọ́ padà wọ ibi tí nǹkan ń gbà wọlé. Nígbà náà ni áísì á máa kọrin tirẹ̀, á súfèé, tàbí kó máa dún "pù-pù-pù" bí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà mìíràn etí kì í gbọ́ ọ rárá. Ẹ kàn máa rí i pé áísì ń gbóná gan-an láìsí orin. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí orin ń dún kò burú, torí pé nínú agbára tí bátìrì ń mú wá, ìdajì rẹ̀ lè di ooru. Àmọ́ bí ó bá ń jó ìka, ẹ yọ bátìrì.

Ibí ni àwọn kàpásítọ̀ tí wọ́n máa ń fò ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìlù bá lù kíkankíkan, sípíkà á fa iná lójijì, fólìtì bátìrì á sì lọlẹ̀ díẹ̀. Bí áísì bá gbọ́ ìlọlẹ̀ yẹn, á kà á sí orin, á sì tún un sọ. 100µF àti 104 tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ 6 ń tọ́jú iná díẹ̀ síbẹ̀ fún irú àkókò yẹn. Ti ẹsẹ̀ 7 náà ń dènà ariwo tó bá ń gba ojú bátìrì wọlé. Ẹ gé wáyà kúrú. Ẹ jẹ́ kí wáyà tó ń wọlé jìnnà sí èyí tó ń lọ sí sípíkà. Kí nẹ́gétíìfù sípíkà má sì gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú nẹ́gétíìfù fọ́lúùmù; kí kálukú wọn lọ bá ẹsẹ̀ 4 fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fi ìka kan wáyà tó ń wọlé tí ó sì hó "ùùùù", iná NEPA tó wà nínú ògiri ni ara yín gbà wọlé bẹ́ẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ewu nínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ wúlò: bí ẹ bá fọwọ́ kan ibẹ̀ tí ohùn yẹn jáde, áísì àti sípíkà ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ wá àléébù lọ́dọ̀ fóònù tàbí wáyà rẹ̀.

Bátìrì onígun mẹ́rin fólìtì 9 tó jẹ́ alkaline ní nǹkan bíi mílíáńpì 500 fún wákàtí kan nínú. Láìsí orin, á lò ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n ní ìdajì wáàtì, áísì ń fa nǹkan bíi mílíáńpì 110, wákàtí mélòó kan péré ló kù níbẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà tó tẹ̀léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fólìtì 1.5, á pẹ́ ju èyí lọ fíìfíì, kò sì ní tètè rẹ̀ bí ìlù bá lù.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ dípò orin, máìkì kékeré irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá. Mílífólìtì díẹ̀ péré ló ń mú wá, nítorí náà ibí ni géènì 200 ti wúlò ní tòótọ́. Máìkì yìí nílò iná tirẹ̀: ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 10K láti pósítíìfù sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò kan ara irin rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì sí nẹ́gétíìfù, kí ẹ wá gba kàpásítọ̀ 1µF kan láti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn lọ sí fọ́lúùmù, pósítíìfù rẹ̀ sí apá máìkì. Ẹ gbé máìkì jìnnà sí sípíkà, kí wọ́n má kọjú síra. Bí ó bá han gooro, ẹ dín fọ́lúùmù kù díẹ̀, kí ẹ sún ẹnu mọ́ máìkì.